Ìmọ̀ Àṣírí, Ta Ló Wà Fún? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Gnostic Ayé Àtijọ́

 

Ẹsẹ Ifá lẹ máa ń wá kà níbí, mo mọ̀. Ẹ má bínú, n kò ní í ki ẹsẹ kankan lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi, mo sì ṣèlérí fún ẹni tọ́rọ̀ kàn pé màá kọ èsì mi sílẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà lè rí i kà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi ni. Orí rẹ̀ pé, ìwé kíkà kì í sì í sú u. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a jókòó lẹ́yìn iṣẹ́, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti gbọ́ nípa àwọn Gnostic rí?" Mo ní mo gbọ́. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bá wọn pàdé, mo sì ti kà sí i látìgbà náà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Bàbá, awo bíi tiwa ni wọ́n. Àwọn náà ti mọ̀ látijọ́ pé ìmọ̀ ló ń gba èèyàn là. Àwọn tó pọ̀ jù láyé, oorun ni wọ́n ń sùn. Àwọn díẹ̀ ló jí."

Mo ní, "Ó dáa. Ta ló ń sùn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bíi màmá mi. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń gbàdúrà fún mi. Wọn ò mọ nǹkan kan, Bàbá. N kì í tiẹ̀ ṣe àmín sí i mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo mọ obìnrin náà. Ẹlẹ́lùbọ́ ni, inú ọjà ló ti rí owó ilé-ìwé ọmọ yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ ní tirẹ̀, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ náà wá bá mi, tó ní bó bá jẹ́ pé Ifá ló wù ú, kó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. N kò bá ọmọ náà jà. Mo kàn ní, "Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tí o ń fi ara rẹ wé. Lẹ́yìn náà, màá bi ọ́ ní ìbéèrè kan."

Ohun tí mo sọ fún un rèé.

Ẹnu alátakò la ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn wọn

Gnosis, èdè Gíríìkì ni. Ìmọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìmọ̀ tí a ń há sórí nítorí ìdánwò. Irú ìmọ̀ tí o fi ń sọ pé "mo mọ lágbájá" ni: o ti bá a jẹ, o ti bá a mu, o mọ ìwà rẹ̀. Àwọn tí a ń pè ní Gnostic wà káàkiri ilẹ̀ ọba Róòmù, pàápàá ní Íjíbítì, ní Síríà, àti nínú ìlú Róòmù fúnra rẹ̀, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì àti ìkẹta lẹ́yìn ìbí Jésù. Wọn kì í ṣe ìjọ kan ṣoṣo. Basilides ń kọ́ni ní Alexandria nígbà ayé ọba Hadrian. Valentinus, tí wọ́n bí ní Íjíbítì, kó lọ sí Róòmù ní nǹkan bí ọdún 140, ó sì di gbajúmọ̀ olùkọ́ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ka ara wọn sí Kristẹni gidi. Orúkọ kan ṣoṣo tí a fi ń kó gbogbo wọn pọ̀ lónìí, àwọn mìíràn ló fi pè wọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 180, Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyon ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Faransé lónìí, kọ ìwé ńlá alápá márùn-ún láti fi takò wọ́n. Tertullian ará Carthage náà kọ tirẹ̀. Òun ló sọ pé ìdí tí Valentinus fi yà kúrò nínú ìjọ ni pé ó ń retí oyè bíṣọ́ọ̀bù, wọn ò sì fi í jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹnu tọ́rọ̀ ti jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, bí o bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn Gnostic gbàgbọ́, inú ìwé àwọn tó fẹ́ kí wọ́n parẹ́ lo máa lọ wò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn. Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe mọ bó ṣe ń rí lára kí ẹni tó pe òrìṣà ẹni ní èṣù burúkú jẹ́ ẹni tí yóò tún kọ ìtàn ẹni. Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa, ẹ jẹ́ ká má ṣe é sí ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, àwọn àgbẹ̀ kan ń wa ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀ nídìí òkè àpáta kan nítòsí ìlú Nag Hammadi, ní apá gúúsù Íjíbítì. Wọ́n hú ìkòkò amọ̀ kan jáde. Ìwé ló wà nínú rẹ̀: odindi ìwé méjìlá, àti ojú ewé díẹ̀ nínú ẹ̀kẹtàlá. Ewé papyrus ni wọ́n fi ṣe wọ́n, awọ ni wọ́n fi dì wọ́n. Coptic, ìyẹn èdè àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nínú wọn lé ní 50. Wọ́n ní ìyá àgbẹ̀ tó rí i fi díẹ̀ nínú ewé náà dáná. Ìyókù wà ní ilé ọnà Coptic Museum ní Káírò di òní. Ó di ọdún 1977 kí gbogbo rẹ̀ tó jáde pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé kan ṣoṣo.

Ní ọdún 367, Athanasius tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Alexandria kọ lẹ́tà ọdún Àjíǹde kan. Ó ka ìwé 27 tó jẹ́ Májẹ̀mú Tuntun sínú rẹ̀, ó sì ní kí àwọn èèyàn jìnnà sí àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní ìwé àṣírí. Àwọn onímọ̀ kan rò pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ló mú kí ẹnì kan, bóyá nínú àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ tí wọ́n ń gbé ilé àdúrà lágbègbè yẹn, rì wọ́n mọ́lẹ̀ dípò kó dáná sun wọ́n. Ẹni yòówù kó jẹ́, ó ṣe wá lóore. Lẹ́yìn nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ ọdún, àwọn Gnostic wá fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ga jù, àti ẹni tó mọ ayé

Nínú àwọn ìwé náà, èyí tí mo máa ń padà sí jù ni Ìwé Àṣírí Jòhánù. Ó ní láti jẹ́ ọ̀wọ́n lójú wọn, nítorí ẹ̀dà mẹ́ta ló wà nínú ìkòkò yẹn, ẹ̀kẹrin sì wà nínú ìwé kan tí ará Jámánì kan ti rà ní Káírò lọ́dún 1896. Ohun tó sọ nìyí ní ṣókí, lọ́rọ̀ ara mi.

Ẹnì kan wà lókè ohun gbogbo. A kò lè rí i, a kò lè wọ̀n ọ́n, kò sí orúkọ tó gbà á. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn alágbára ìmọ́lẹ̀ ti jáde wá, wọ́n sì ń pe gbogbo wọn lápapọ̀ ní Pleroma, ìyẹn Ẹ̀kún, ibi tí nǹkan kan kò ti dín. Ọ̀kan nínú wọn ni Sophia. Ọgbọ́n ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Sophia fẹ́ bí nǹkan láìgba àṣẹ, láìsọ fún ẹnì kejì rẹ̀. Ó bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bí kò jọ ọ́: ara ejò, ojú kìnnìún. Ojú tì í, ó gbé e pamọ́ sínú ìkùukùu kí àwọn yòókù má baà rí i. Yaldabaoth ni orúkọ ọmọ yìí. Òun ló mọ ayé tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ló mọ ara èèyàn. Nígbà tó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó kéde pé òun nìkan ni Ọlọ́run, òun ń jowú, kò sì sí ẹlòmíràn. Ẹni tó kọ ìwé náà mú un níbẹ̀ yẹn: bí ẹlòmíràn kò bá sí, owú ta ló ń jẹ?

Nínú èèyàn, wọ́n ní, agbára kan wà tó ti òkè wá, tí Yaldabaoth fi ẹ̀mí fẹ́ sínú rẹ̀ láìmọ ohun tí òun ń ṣe. Èèyàn wá gbàgbé ara rẹ̀. Ara di ẹ̀wọ̀n, ayé di oorun. Nínú ìtàn yìí, iṣẹ́ tí Olùgbàlà wá ṣe ni kó jí ẹni tó ń sùn, kó rán an létí ibi tó ti wá. Ìrántí yẹn ni gnosis.

Kí ẹnikẹ́ni tó bú wọn, kó rántí pé ìbéèrè gidi ló gbé wọn débẹ̀. Bí Ọlọ́run bá dára, tó tún lágbára, kí ló dé tí abiyamọ ń sin ọmọ? Kí ló dé tí ẹni rere ń jìyà, tí ìkà ń gbádùn? Kò sí babaláwo tí wọn ò tíì fi omijé bi ní ìbéèrè yìí rí. Àwọn kan lára àwọn Gnostic dáhùn pé: nítorí pé ẹni tó mọ ayé kọ́ ni Ẹni tó ga jù. Ẹ má fi ibi inú ayé di ẹrù rù ú. Kì í ṣe ìdáhùn ọ̀lẹ. Ó fẹ́ kí Ọlọ́run wà láìlábàwọ́n.

Ọmọ mi gbọ́ ibí yìí, ó fò sókè. "Bàbá, ṣebí Ọbàtálá náà nìyẹn! Ẹni tó ń mọ èèyàn, tó mu ẹmu, tí ọwọ́ rẹ̀ wá ṣì."

Mo ní ó gbìyànjú. Ìbéèrè kan náà ni ìtàn méjèèjì ń dáhùn: kí ló dé tí ohun tí a mọ kò pé? Ṣùgbọ́n wo ohun tó tẹ̀lé àṣìṣe. Nínú ìtàn tí àwọn àgbà sọ fún wa, nígbà tí ojú Ọbàtálá dá, ó rí abuké, ó rí arọ, ó rí àfín tí òun mọ. Kò sọ pé kò sí ẹni tó ju òun lọ. Ó gbà pé ọwọ́ òun ló ṣe é, ó sọ wọ́n di ẹni tirẹ̀, ẹmu sì di èèwọ̀ fún àwọn tó ń sìn ín títí dòní. Yaldabaoth náà ṣe àṣìṣe, àmọ́ ohun tó fi tẹ̀lé e ni pé ó ní òun ni òpin. Nítorí náà ni ọ̀nà fi yà. Ẹni tó gbọ́ ìtàn Ọbàtálá dáadáa, á wo arọ, á pè é ní ẹni òrìṣà, á tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ti Yaldabaoth lè wo ara tirẹ̀ pàápàá kó kà á sí ẹ̀wọ̀n. Àwa ń tọrọ ẹ̀mí gígùn, ọmọ, àlàáfíà ara. Ta ló ń tọrọ kí ẹ̀wọ̀n òun gùn sí i?

Ẹ má sì gbé gbogbo wọn sórí òṣùwọ̀n kan. Ẹ̀sìn kan láti inú irú gbòǹgbò yìí ṣì wà láàyè: àwọn Mandaean, tó jẹ́ pé gúúsù Ìráákì àti Ìránì ni ilé wọn. Manda nínú èdè wọn, ìmọ̀ náà ni. Omi tó ń ṣàn ni wọ́n fi ń ṣe ìwẹ̀mọ́. Ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí jẹ́ ohun ńlá fún wọn. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìráákì lọ́dún 2003 ti tú púpọ̀ nínú wọn ká lọ sí Súwídìn àti Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti ń wá odò tí wọn yóò máa lò. Ìmọ̀ lè wà ní ọkàn ẹ̀sìn kan láìjẹ́ pé ẹ̀sìn náà kórìíra ilé àti ọmọ.

Ẹni erùpẹ̀, ẹni ọkàn, ẹni ẹ̀mí

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àṣírí fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi ti kan mí.

Àwọn náà ní ìlà ìkọ́ni, bí àwa ṣe máa ń dárúkọ ẹni tó kọ́ wa àti ẹni tó kọ́ olúwo wa. Àwọn ọmọlẹ́yìn Valentinus sọ pé Theudas ló kọ́ ọ, àti pé ọ̀dọ̀ Pọ́ọ̀lù ni Theudas ti gba ẹ̀kọ́. Ìhìnrere Tọ́másì, tó wà nínú ìkòkò yẹn, kó ọ̀rọ̀ 114 jọ, ó sì pè wọ́n ní ọ̀rọ̀ àṣírí Jésù. Irenaeus dá wọn lóhùn pé bí àwọn àpọ́sítélì bá ní àṣírí kan, àwọn tí wọ́n fa ìjọ lé lọ́wọ́ ni ì bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lójú tirẹ̀, òtítọ́ ni èyí tí gbogbo ìjọ ń kéde ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ Irenaeus wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ló ti ráhùn pé àwọn ọmọlẹ́yìn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marcus máa ń ṣẹ́ kèké nínú ìpàdé wọn láti mọ ẹni tí yóò sọ àsọtẹ́lẹ̀, àti pé àwọn obìnrin ń sọ ọ́. Tertullian náà bínú pé obìnrin ń kọ́ni láàárín wọn. Ìhìnrere Màríà, tó wà nínú ìwé tí wọ́n rà ní 1896 yẹn, sọ bí Màríà Magidalénì ṣe sọ ohun tó rí, tí Ańdérù àti Pétérù kò fẹ́ gbà á gbọ́, tí Léfì sì gbèjà rẹ̀. Ẹ wá wò ó: ilé tó ní ilẹ̀kùn òun ṣí sílẹ̀ ló ń sọ pé kí obìnrin dákẹ́, ilé àṣírí ló jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbangba tàbí ìkọ̀kọ̀ la fi ń mọ ilé tó dára.

Ibi tí mo ti bá àwọn Gnostic yapa ni èyí. Ìtàn tí a gbọ́ nípa ilé ẹ̀kọ́ Valentinus ni pé wọ́n pín èèyàn sí mẹ́ta. Ẹni erùpẹ̀ wà, tí yóò padà di erùpẹ̀. Ẹni ọkàn wà, ìyẹn àwọn ọmọ ìjọ lásán, tí ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ rere lè fi gbé dé ibì kan. Ẹni ẹ̀mí wà, tí ìmọ̀ ti sọ di ará òkè. Irenaeus sọ pé àwọn kan nínú wọn wá ń ṣe bí ẹni tí ohunkóhun kò lè ba òun jẹ́ mọ́, wọ́n sì ń fojú ọ̀gbẹ̀rì wo àwọn yòókù. Alátakò ló sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: bí ìmọ̀ nìkan bá ni ìgbàlà, kí ni ti ẹni tí kò ní i? Kí ni ti ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé? Kí ni ti ọmọ tó kú kó tó gbọ́n?

Àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ìṣòro wà níbẹ̀. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo ka àwọn ìwé tó jáde láti inú ìkòkò yẹn. Èyí tí a ń pè ní Ìhìnrere Òtítọ́ fi àìmọ̀ wé àlá burúkú: wọ́n ń lé ọ, o ń ṣubú, o jí, o rí i pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò fi ẹni tó jí sílẹ̀ kó máa fi ẹni tó ń sùn rẹ́rìn-ín. Ó ní kó di ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọsẹ̀ mú, kó bọ́ ẹni tí ebi ń pa, kó jí ẹni tó fẹ́ dìde. Ìwé mìíràn tó ń jẹ́ Ìtumọ̀ Ìmọ̀ bá àwọn ará ilé kan náà wí nítorí owú àti ìgbéraga lórí ẹ̀bùn. Ó fi wọ́n wé ẹ̀yà ara kan ṣoṣo: bí ẹnì kan bá ní ẹ̀bùn ọ̀rọ̀, tí ìwọ kò ní i, tìrẹ náà ni, nítorí ara kan náà ni yín. Ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti rí ohun tí ìmọ̀ àṣírí ń ṣe sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan tí kì í ṣe Kristẹni náà bá wọn wí. Plotinus, ọlọ́gbọ́n tó ń kọ́ni ní Róòmù lẹ́yìn ọdún 240, ní àwọn Gnostic láàárín àwọn tó ń wá gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó fi wọ́n wé ẹni tó ń gbé ilé kan tó lẹ́wà, tó ń bú ilé, tó ń bú ẹni tó kọ́ ọ, tí kò sì kó jáde. Ó tún ní kò tó kí a máa sọ fún èèyàn pé kó wo Ọlọ́run láìkọ́ ọ bí yóò ṣe níwà. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo pa ìwé dé fún ìgbà díẹ̀. Ìwà! Ohun tí àwọn àgbà wa ń pariwo náà ni.

Ìbéèrè tí mo bi í

Èmi náà ní ohun tí n kò ní í sọ síbí. Mo ti mulẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ewé kan wà tó jẹ́ pé bí o bá mọ orúkọ rẹ̀ láìmọ ìwọ̀n rẹ̀, wàá pa èèyàn. Ọ̀rọ̀ oníbàárà kan wà tó jẹ́ pé inú mi ló máa kú sí. N kò kórìíra àṣírí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ yìí ṣe rí: ẹni tó wá dífá lọ́dọ̀ mi kò nílò láti mọ ẹsẹ kan ṣoṣo kí ẹbọ rẹ̀ tó fín. Ó lè má mọ orúkọ odù tó jáde. Mo kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òun má baà ní láti kọ́ ọ. Ìmọ̀ mi, ẹrù ni mo fi ń rù fún un. Bó bá di adé tí mo ń dé lé e lórí, mo ti ṣìnà.

Mo lè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti ṣìnà rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo já àgbà awo kan lọ́rọ̀ gbà láàárín àwọn èèyàn, mo tún ìtàn tó ń sọ ṣe, mo ka ọdún, mo dárúkọ ìwé. Bàbá kò kàwé. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ó ní, "O ṣeun. Ìmọ̀ tí o ní yìí, ta ló ti yó nínú rẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Ó ti re ibi àgbà ń rè. Mo ṣì ń wá èsì fún un.

Ìbéèrè tí mo bi ọmọ mi náà nìyẹn. Mo ní, "Ohun tí o mọ̀, kí ló ń ṣe fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n? Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí o rí wọn bí ẹni tó ń sùn, a jẹ́ pé o kò tíì jí. Àwọn Gnostic tó dára jù nínú wọn ì bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, kí èmi tó sọ ọ́. Ìyá rẹ kò mọ Sophia, kò mọ odù. Ó mọ̀ pé ọmọ tí òun bí kò tẹ̀lé ọ̀nà òun, ó sì dì í lọ́wọ́ mú lọ sí ọ̀nà tirẹ̀. Wá sọ fún mi: irú ìmọ̀ wo nìyẹn?"

Ó dákẹ́ títí. Mo rò pé ó ti bínú. Nígbà tó dìde láti máa lọ, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Bàbá, aago mẹ́rin ìdájí ni màmá mi máa ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà yẹn."

Mo ní, "Wò ó bí. Tètè lọ sùn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ ka ìwé àwọn Gnostic bó bá wù yín, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ran yín lọ́wọ́ láti bèèrè nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á tán, ẹ wo ẹni tó wà nítòsí yín tí kò kà á. Ojú tí ẹ fi wò ó ni ìdánwò. Ẹ̀yin àgbà, bí mo bá ṣì í, ẹ tún un ṣe fún mi.

Kí Ifá má jẹ́ kí ìmọ̀ wa pa wá. Kó jẹ́ kó yó ẹlòmíràn. Àbọyè bọ ṣíṣẹ.